Ọdẹ Inú Àtẹ́lẹwọ́: Agbára àti Àléébù Géèmù Monster Hunter Freedom Unite

 

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ géèmù bá délẹ̀ lórí rédíò, ìbéèrè kan náà la máa ń gbọ́: ṣé kò ní ba ọmọ jẹ́? Ìbéèrè gidi ni, n ó sì kàn án kí n tó dákẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìwé, a kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí eré orí ìtàgé. Àwọn yẹn, a máa ń jókòó tì wọ́n, a ó wo ibi tí oníṣẹ́ ti mọ ọ́n ṣe àti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti yẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe sí géèmù kan ṣoṣo nìyẹn lálẹ́ yìí.

Monster Hunter Freedom Unite lorúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Capcom, tó fi ìlú Osaka ní Jàpáànì ṣe ibùjókòó, ló ṣe é fún PSP. PSP ni ẹ̀rọ géèmù pẹlẹbẹ tí Sony gbé jáde lópin ọdún 2004, èyí tó ṣeé kì bọ àpò ṣòkòtò. Oṣù Kẹta ọdún 2008 ni géèmù yìí dé ọwọ́ àwọn ará Jàpáànì, tí wọ́n ń pè é ní Monster Hunter Portable 2nd G níbẹ̀. Ọdún 2009 ló tó dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, pẹ̀lú orúkọ tí mo kọ́kọ́ dá. Ní Jàpáànì nìkan, èyí tí wọ́n tà níbẹ̀ ju mílíọ̀nù 3 lọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ọdẹ kan ń dá gun òkè yìnyín lọ. Ẹranko abàmì kan yọ sí i lójijì: orí rẹ̀ rí bíi ti alángbá, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ nípọn bí igi, ara rẹ̀ lábà bíi ti ẹkùn. Tigrex ni wọ́n ń pè é. Ó lé ọdẹ títí ọdẹ fi já bọ́ láti orí àpáta. Nígbà tí ọdẹ yóò fi lajú, ó bá ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ní abúlé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Pokke, lẹ́sẹ̀ òkè náà. Ìyá àgbà kan ni olórí abúlé. Òun ló gbà á sílé, tó fún un níṣẹ́ ọdẹ ṣe. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹni tó mú PSP dání ló di ọdẹ yẹn. Kò lówó lọ́wọ́, idà rẹ̀ kò mú, Tigrex tó lé e sì ń bẹ lókè níbẹ̀, ó ń dúró dè é.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ọdẹ á gba iṣẹ́ lábúlé, á wọ igbó, á wá ẹranko tí wọ́n rán an sí, á sì pa á tàbí kó mú un láàyè kí ìṣẹ́jú 50 tó pé. Bó bá pa á, á yọ ọ̀bẹ, á kun ún: ìpẹ́, èékánná, egungun, awọ. Á kó wọn lọ fún alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ á sì fi wọ́n rọ idà tuntun àti ìhámọ́ra tuntun fún un. Ìyẹn ni yóò fi lọ bá ẹranko tó ju ti àná lọ. Bí ẹranko bá gbá a dákú, àwọn ológbò kéékèèké méjì á fi ọmọlanke gbé e padà sí àgọ́. Bó bá dákú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, bí èèyàn bá ti pa ọ̀tá tó pọ̀ tó, agbára akọni rẹ̀ á máa ròkè fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan lónìí, bó bá ṣáà ti forí tì í, yóò lágbára lọ́la, ì báà má kọ́ ohunkóhun. Eléyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ọdẹ tó ti lo wákàtí 300 kò le ju ara ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀ lánàá lọ. Idà rẹ̀ lè mú sí i, ìhámọ́ra rẹ̀ lè nípọn sí i, ṣùgbọ́n ohun tó dàgbà gan-an ni ojú àti ọwọ́ ẹni tó mú ẹ̀rọ dání. Ẹni tó mọwọ́ Tigrex lè bọ́ gbogbo ìhámọ́ra sílẹ̀ kó tún pa á. Ẹni tí kò mọwọ́ rẹ̀, kó wọ irin láti orí dé ẹsẹ̀, ọmọlanke ni yóò gbé e wálé.

Èmi gan-an mọ ọmọlanke yẹn dáadáa. Ìgbà mọ́kànlá ni Tigrex lé mi padà sílé. Lẹ́yìn náà ni mo wá jókòó tí mo ń wò ó, tí n kò gbé idà sókè mọ́. Mo rí i pé bó bá sáré kọjá, ó máa ń yí padà lójijì láti tún sáré bọ̀, ibi tí ó ti máa ń bá mi nìyẹn nígbà tí mo bá rò pé ó ti kọjá. Mo tún rí i pé bí mo bá dúró síwájú àpáta tí mo sì yẹ̀ fún un, eyín rẹ̀ máa ń há sára àpáta, kò sì ní lè kúrò fún ìgbà díẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi, wọn kò sì kọ ọ́ síbì kankan lójú ẹ̀rọ. Ìgbà kejìlá, mo pa á.

Gbogbo ohun tí ọdẹ ń ṣe nínú géèmù yìí ló ní iye tó ń ná an. Bó bá gbé idà ńlá sókè, kò lè dá a dúró mọ́, ó gbọ́dọ̀ balẹ̀. Bí ẹranko bá sì ti kúrò níbẹ̀, ilẹ̀ ló gé, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì ṣí sílẹ̀. Bó bá fẹ́ mu oògùn, yóò dúró mu ún tán, yóò sì ká apá méjèèjì sókè bí ẹni tó ń fi iṣan hàn. Bí ẹranko bá ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, oògùn ti ṣòfò. Idà máa ń kú, ó sì di dandan kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó pọ́n ọn lórí òkúta. Lórí òkè yìnyín, òtútù máa ń jẹ okun rẹ̀, ó ní láti mu ohun gbígbóná. Nínú aṣálẹ̀ lọ́sàn-án, ohun tútù ni. Ebi náà ń pa á, tí yóò fi dáná yan ẹran. Ẹran yẹn, bó bá yọ ọ́ lórí iná kó tó jinná, àléébù ni. Bó bá gbàgbé rẹ̀, ó jóná. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀, nítorí kì í jẹ́ kí ọmọ máa tẹ bọ́tìnnì bí ẹni tó ń gúnyán. Ìgbà tó yẹ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ẹ kò ní rí àmì kankan lójú ẹ̀rọ tó ń sọ bí ẹ̀mí ẹranko ṣe kù tó. Ẹranko fúnra rẹ̀ ni ẹ ó máa wò. Bí inú bá ń bí i, èémí rẹ̀ á yí padà, á sì yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ti Tigrex, apá àti ojú rẹ̀ á pọ́n. Nígbà tí ikú bá ń sún mọ́ ọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, á sì tiro lọ síbi tó máa ń sùn sí. Ìgbà yẹn ni ọdẹ tó fẹ́ mú un láàyè á dẹ pàkúté.

Olúkúlùkù ẹranko ló ní ìwà tirẹ̀, ìwà yẹn sì bá ara rẹ̀ mu. Yian Kut-Ku ní etí ńlá bí abẹ̀bẹ̀, nítorí náà ariwo ńlá lè mú un dúró gbàgìdì. Plesioth ń gbé inú omi, ọ̀pọ̀lọ́ sì ni wọ́n fi ń tàn án jáde. Èyí tí kò kúrò lọ́kàn mi ni Khezu, tó ń gbé inú ihò àpáta. Funfun ni, awọ rẹ̀ rọ̀, kò lójú rárá, òórùn ló fi ń wá èèyàn. Bọ́ǹbù tó ń tàn yòò, èyí tó ń fọ́ ọ̀pọ̀ ẹranko yòókù lójú, kò lè ṣe Khezu ní nǹkan kan. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ orí rédíò la wà, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí: gbogbo ẹranko ńlá ló ní orin tó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ti rí ọdẹ, ṣùgbọ́n Khezu kò ní orin. Ìdákẹ́jẹ́ ihò yẹn ni ẹ ó máa gbọ́, àti ẹsẹ̀ yín, títí yóò fi ké. Ẹni tó ronú kan ìyẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun ìjà mọ́kànlá ló wà, olúkúlùkù sì dà bí iṣẹ́ ọwọ́ tèèyàn ń kọ́ lọ́tọ̀. Òòlù kò lè gé ìrù, ṣùgbọ́n bó bá ń ba ẹranko lórí léraléra, òyì á kọ́ ọ. Idà lè gé ìrù jábọ́. Ìbọn àti ọfà ń ti òkèèrè wá. Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ fèrè ńlá: ẹni tó mú un á fi gbá ẹranko, á sì tún fun ún láti fi okun kún okun àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìjálá rí kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ìdí tí ọdẹ fi nílò ohùn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ yìí gan-an ni ọkàn géèmù náà. PSP méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, bí àwọn tó mú wọn bá ṣáà ti wà nítòsí ara wọn. Èèyàn mẹ́rin á dọdẹ ẹranko kan. Ní Jàpáànì nígbà yẹn, ohun tí ojú máa ń rí ni: àwọn ọ̀dọ́ jókòó yí tábìlì ká nílé oúnjẹ, PSP lọ́wọ́ olúkúlùkù, wọ́n ń pariwo ìkìlọ̀ síra wọn. Ọdún 2004 ni Monster Hunter àkọ́kọ́ ti jáde lórí PlayStation 2, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà tó bọ́ sórí PSP, tí wọ́n wá lè gbé e lọ bá ọ̀rẹ́, ló tó di àrágbáyamúyamù. Òfin kan sì wà níbẹ̀ tó wù mí: ìdákú mẹ́ta yẹn, gbogbo wọn ló jọ ni ín. Bí ẹni kan bá dákú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, iṣẹ́ bàjẹ́ mọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́. Nítorí náà ẹni tó mọ̀ ọ́n jù kò lè sáré síwájú kó fi àbúrò sílẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní láti kọ́ ọ.

Ó wá kan àléébù, wọn kò sì kéré.

Ọwọ́ ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ìrora rẹ̀ kì í ṣe àwàdà. PSP ní bọ́tìnnì kékeré kan lọ́wọ́ òsì tí àtàǹpàkò fi ń darí ọdẹ. Kò ní irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún láti fi darí ojú tí ẹ fi ń wo ayé inú géèmù. Àwọn bọ́tìnnì mẹ́rin tó wà lókè ti àkọ́kọ́, lọ́wọ́ òsì kan náà, ni wọ́n gbé iṣẹ́ yẹn fún. Kí ni ọdẹ yóò ṣe bí ẹranko bá bọ́ sẹ́yìn rẹ̀ tó sì ń sáré lọ́wọ́? Àwọn tó mọ̀ ọ́n dá ọgbọ́n kan: wọ́n fi àtàǹpàkò sílẹ̀ níbi tó wà, wọ́n sì ká ìka ìfábẹ̀lá kọ́rọ́ wá síwájú láti tẹ àwọn bọ́tìnnì yẹn. Èékánná ni wọ́n ń pe irú ìmúlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, bí ọwọ́ sì ti ń rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn wákàtí kan, ọrùn ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dunni. Bọ́tìnnì kan wà tó ń dá ojú padà sẹ́yìn ọdẹ, ó ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Àwọn tó ṣe é pàápàá mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan yí padà: ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, nígbà tí Monster Hunter 3G jáde lórí Nintendo 3DS ní Jàpáànì, ìgbà kan náà ni Nintendo gbé ohun èlò kan jáde tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀rọ náà kó lè ní bọ́tìnnì ìdarí kejì lọ́wọ́ ọ̀tún.

Àléébù kejì ló ń dùn mí jù, nítorí inú agbára rẹ̀ ló ti jáde. Mo ti yìn ín pé kò sọ ìwà Tigrex fún mi, ó jẹ́ kí n fi ojú ara mi rí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í sọ ohun tí ojú kò lè rí pẹ̀lú. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìhámọ́ra. Olúkúlùkù ẹ̀wù, ìbọ̀wọ́ àti bàtà ló ní máàkì fún oríṣi ẹ̀bùn kan. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á rí máàkì 3 lára bàtà, á rò pé òun ti ní ẹ̀bùn yẹn díẹ̀. Kò ní nǹkan kan. Àfi bí àròpọ̀ máàkì tó wà lára gbogbo ohun tó wọ̀ bá dé 10 ni ẹ̀bùn á tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá jẹ́ 9, òfo ni. Bí àròpọ̀ bá sì lọ sísàlẹ̀ òdo títí dé 10, ègún ló wọ̀ sọ́rùn. Kò sí bí èèyàn ṣe lè wo ẹranko títí kó fi mọ èyí. Ilé ẹ̀kọ́ ọdẹ wà nínú géèmù náà, olùkọ́ rẹ̀ sì lẹ́nu púpọ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ohun tó yẹ kí ọmọ mọ̀, ẹnu ọ̀rẹ́ ló ti ń gbọ́ ọ. Ọmọ tí kò lọ́rẹ̀ẹ́ tó mọ̀ ọ́n, ó kù sójú ọ̀nà.

Ìgbà mìíràn wà tí géèmù náà kì í ṣe olóòótọ́. Plesioth tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan máa ń fi ìbàdí gbá ọdẹ. Ẹ ó rí i kedere lójú ẹ̀rọ pé ìbàdí náà kò kan yín, pé àlàfo gbòòrò wà láàárín, síbẹ̀ ẹ ó fò lọ bí ẹni tí mọ́tò gbá. Nínú géèmù tó ní kí ẹ máa gba ojú yín gbọ́, irú èyí kò ṣeé gbójú fò.

Oríire náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ohun kan pàtó lára ẹranko, ohun tó ṣọ̀wọ́n, ẹ lè pa ẹranko kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lógún ìgbà, kó má jáde. Àwọn ará Jàpáànì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀: wọ́n ní ohun kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn ohun tí ọkàn ń fẹ́, tó sì ń fi í pamọ́. Níbí ni wákàtí ọmọ ti ń ṣòfò, tí kò kọ́ nǹkan kan mọ́, tó kàn ń ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú àkókò rẹ̀.

Ti pé wọ́n gé igbó sí wẹ́wẹ́, tí ẹ̀rọ sì máa ń dúró ka díìsìkì bí ọdẹ bá ti kọjá láti ibì kan sí ìkejì, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n fún èèyàn láǹfààní láti da apá kan rẹ̀ kọ sórí káàdì ìpamọ́ kó lè yára, ó sì yára díẹ̀. Ẹni tó ń dá ṣe é ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù. Wọ́n fi ológbò kan kún un fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó ń bá a jà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àrà tuntun sì ni nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ tó wà ní gbọ̀ngàn àpérò, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ti máa ń pàdé gba iṣẹ́, èèyàn mẹ́rin ni wọ́n fojú sùn nígbà tí wọ́n ń wọn ẹ̀mí ẹranko ibẹ̀. Ẹni kan àti ológbò kan á máa gé e títí ìṣẹ́jú 50 á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Mo ṣèlérí pé n ó kan ìbéèrè bóyá yóò ba ọmọ jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 13 sókè ni wọ́n kọ ọ́ fún, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń dà mí láàmú: ẹranko tó ti fara gbọgbẹ́, tó tiro lọ sínú ìtẹ́ rẹ̀, tó dùbúlẹ̀ sùn, ọdẹ á tẹ̀lé e dé ibẹ̀, á sì to bọ́ǹbù sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Géèmù náà kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára. Àmọ́ ó fi pàkúté sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ mú un láàyè, ó sì sanwó fún un dáadáa. Mo máa ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn pé kí wọ́n gbìyànjú ìyẹn. Ó gba ọgbọ́n ju pípa lọ.

Láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa níbí, ọ̀pọ̀ ló mọ PSP kìkì nípasẹ̀ PPSSPP, ètò tó ń jẹ́ kí fóònù ṣe bíi PSP. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n sáàbà máa ń fi gbá. Ẹni tó bá fẹ́ fi dọdẹ lórí fóònù, kó mọ̀ pé ojú fóònù náà ni bọ́tìnnì wà, àtàǹpàkò rẹ̀ á sì máa bo ẹranko tó yẹ kó máa wò. Capcom náà gbé e jáde fúnra rẹ̀ fún iPhone àti iPad ní ọdún 2014. Láti ọdún 2018 tí Monster Hunter: World ti dé orí àwọn ẹ̀rọ ńlá, igbó kò pín sí wẹ́wẹ́ mọ́, ojú wíwò sì rọrùn. Íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wá ń gbà pàdé ara wọn báyìí, kì í ṣe yíká tábìlì.

Ìdájọ́ mi rèé. Bó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló wà nílé, tí kò sì ní ọ̀rẹ́ tí wọ́n lè jọ ṣe é, ẹ má ra géèmù yìí fún un. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni, tàbí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ méjì tó ń gbé àdúgbò kan náà, tí olúkúlùkù sì ní ẹ̀rọ tirẹ̀, ẹ rà á, ẹ kò ní kábàámọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju wákàtí kan lọ lórí ìjókòó, nítorí ọrùn ọwọ́ wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá fẹ́ pe ọmọ wá jẹun, ẹ má ṣe já ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ń dá ṣe é, ó lè dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá wà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò sí ìdádúró, àwọn tó kù níbẹ̀ ni yóò sì fi sílẹ̀ sẹ́nu ẹranko. Aago wà ní igun ojú ẹ̀rọ. Ẹ bi í pé ìṣẹ́jú mélòó ló kù, kí ẹ sì dúró dè é.